Ilé oògùn Mọ́kọ́lá tó kọ̀ láti tajà fún mi

Ọjà wọn gbówó lórí ju ti kẹ́míìsì àdúgbò lọ, POS wọn sì máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ra oògùn báyìí.

Oògùn ojú ni mo wá rà fún àbúrò mi ọkùnrin. Ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo ará ilé sì ti pinnu pé Àpólò ni. Apoògùn wọn, obìnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí oògùn ojú wà. Ó ní, "Ṣé ó ti lo oògùn kankan láàárín oṣù kan sí àsìkò yìí?" Mo ní dókítà kọ Septrin fún un. Ó bi mí bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún. Ó ní kí n pè é wọlé látinú kẹ̀kẹ́. Nígbà tó la ẹnu, inú ètè rẹ̀ ti di egbò, àwọn àmì pupa tó ṣókùnkùn láàárín sì ti ń sú sí i láyà.

"Kó má lo ẹyọ kan mọ́ nínú Septrin yẹn. Ẹ gbé e lọ sí UCH báyìí, ẹ mú páálí oògùn náà dání."

Àìsàn tí oògùn lè fà ni. Stevens-Johnson ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn dókítà méjì tó kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1922. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ bó bá le, awọ á máa bó bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó sì lè pààyàn. Kì í sábà yọjú lọ́jọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn. Láàárín ọjọ́ 4 sí 28 ló sábà máa ń dé, ibà àti ọ̀fun dídùn á sì ti ṣáájú. Ta ló máa rántí Septrin nígbà náà? Fansidar tí wọ́n ń lò fún ibà náà lè fà á, àti oògùn wárápá bíi carbamazepine.

Ara àbúrò mi ti yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì máa ń gbẹ. Obìnrin yìí kọ káàdì kan fún un tó ń gbé kiri: Septrin, Bactrim, co-trimoxazole, torí oògùn kan náà ni gbogbo wọn. Ó kọ Fansidar àti Amalar, tí òun náà jẹ́ oògùn kan náà pẹ̀lú Fansidar, sábẹ́ rẹ̀. Òun náà ló fi ọ̀rọ̀ náà tó NAFDAC létí.

Àwọn oníbàárà kan máa ń pòṣé tó bá ń béèrè ìbéèrè. Ẹ ní sùúrù. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, bẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, torí ó máa bi yín.