Common App láti ojú òbí: àyẹ̀wò fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtiwọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Common App ni ojú òpó tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà ń gbà béèrè fún ààyè ní yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni 15 ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1975, kí ọmọ má baà máa kọ ohun kan náà sórí fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lónìí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbà á ti lé ní 1,000. Àjọ tí kò dá sílẹ̀ torí èrè ló ń darí rẹ̀, ọmọ kì í sì í san kọ́bọ̀ láti ṣí àkáǹtì níbẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi la jọ bá a yí nígbà tó wà ní kíláàsì kejìlá, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú òbí, nítorí pé ọmọ ni ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà nípa rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òbí ló máa sanwó, òun náà sì ni oorun kì í kùn ní alẹ́ ọjọ́ gbèdéke. Èrò mi ni pé iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ṣe, pàápàá bí wọ́n ṣe fi ọmọ ṣe olóhun ìwé ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó, tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, ìta ojú òpó náà lẹ máa ti lọ wá a.

Bí èèyàn bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè irú ẹni tó jẹ́: ṣé ọmọ tó fẹ́ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni, ṣé ẹni tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn ni, ṣé olùkọ́ ni, àbí òbí. Òbí lè ṣí tirẹ̀, kí ó sì ka gbogbo ìbéèrè tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì òbí kì í ṣílẹ̀kùn ti ọmọ. Mo mọ̀ pé èyí kò ní bá ọ̀pọ̀ nínú wa lára mu. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí bàbá ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n sì ń bá àbúrò yan ohun tó máa kà, a máa fẹ́ gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Kí ọmọ tó lè fi ìwé náà ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, pé òótọ́ sì ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kọ ìwé fún ti fọwọ́ sí irọ́ kó tó pé ọmọ ọdún 18. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí tèmi, mo kà á láti òkè délẹ̀, mo wá ń fi ohun tí mo rí níbẹ̀ bá ọmọ mi jíròrò lálẹ́. Ó jẹ́ kí n mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé iwájú rẹ̀, kò sì sí ìgbà kankan tí mo ní láti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun méjì kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tó kéré lójú, àmọ́ tó lè dá wàhálà sílẹ̀ bí a kò bá tètè bójú tó o. Ìkíní ni ímeèlì. Kí ọmọ má lo ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè tì í pa lẹ́yìn tó bá parí. Kí ó ṣí tuntun tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ìkejì ni orúkọ, èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an. Ọmọ wa lè máa jẹ́ Tólú ní ilé, kí wọ́n máa pè é ní Grace ní kíláàsì, kí orúkọ gígùn mìíràn sì wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Common App ní àyè fún orúkọ tí òfin mọ̀ àti àyè ọ̀tọ̀ fún èyí tí ọmọ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà ní àyè àkọ́kọ́ bá ti ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu, kí ó sì bá èyí tí ẹ máa kọ sórí fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó mu pẹ̀lú, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ibi tí mo ti rò pé òbí wúlò jù lọ ni ìpín tí ọmọ ti máa sọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n fún un ní àyè mẹ́wàá. Àpèjúwe kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo àti àmì sì wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé gbólóhùn kan tàbí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi kọ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù àti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ó wá jókòó, ó ní kò sí nǹkan mìíràn mọ́. Mo ní, “Àwọn àbúrò rẹ tí o ń lọ mú ní ilé ìwé ńkọ́?” Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni?” Ó wà lára rẹ̀. Láàárín àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ní kí ọmọ yàn nínú wọn, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Family Responsibilities, èyí tó wà fún iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún ìdílé rẹ̀. Òmíràn wà fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, òmíràn sì wà fún ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé òun máa ń ran àwọn òbí òun lọ́wọ́ nílé. Mo ní kó sọ ohun tó ń ṣe gan-an, láti ìgbà tí agogo ilé ìwé bá lù. Ó tún un kọ: ó ń mú àbúrò méjì wálé lójoojúmọ́, ó ń gbé oúnjẹ alẹ́ kaná, ó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé títí ìyá rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ní kó kọ iye wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ tó fi ń ṣe é lọ́dún, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀ nígbà tó rò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó ti mọ́ wọn lára débi tí wọn kò kà á sí. Òbí ló máa rán wọn létí. Ọmọ ló máa kọ ọ́.

Àròkọ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ 250 sí 650, ọmọ sì máa mú ọ̀kan nínú ìbéèrè méje. Níbí, ẹ fà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kì í ṣòro dá mọ̀ nínú ìwé ọmọ ọdún 17, àwọn tó ń kà á sì ti ka ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Láti ọdún 2023 ni Common App ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tó bá fi ohun tí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ ránṣẹ́ bí ẹni pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni, ẹ̀tàn ló ṣe. Ohun tí òbí lè ṣe ni kí ó kà á bí ọmọ bá ní kó kà á, kí ó sọ ibi tí kò ti yé e, kí ó sì fi bírò sílẹ̀. Mo gbóríyìn fún òfin náà, torí ó ń dáàbò bo ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó àtigba ẹni tó máa bá a kọ̀wé.

Lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ máa kọ nípa ọmọ ránṣẹ́ sí yunifásítì kì í gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ òbí. Ọmọ ló máa pè wọ́n láti inú àkáǹtì rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti sọ bóyá òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin FERPA ti ọdún 1974 fún òun láti ka àwọn lẹ́tà náà. Kí ó yọ̀ǹda rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó gbà pé òun kò ní ka àwọn lẹ́tà náà. Kí ó sì ti bá àwọn olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ lójúkojú kí kíláàsì kọkànlá tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí mo ti ní àríwísí. Ibì kan wà tí Common App ti ń béèrè ìfọwọ́sí òbí: àdéhùn Early Decision. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà yìí ń sọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo pé bí ẹ bá gbà mí, màá wá, màá sì fa gbogbo ìwé tí mo fi sí ibòmíràn padà. Ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, èsì rẹ̀ a sì máa jáde ní nǹkan bí àárín oṣù kejìlá. Ọmọ, òbí àti olùdámọ̀ràn ilé ìwé ni wọ́n jọ ń fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kékeré ni, ó sì rọrùn jù fún ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé òbí lè fọwọ́ sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí iye owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bí ìrànwọ́ owó tí wọ́n bá fún ọmọ kò bá tó, ìdílé lè bẹ ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n tú àwọn sílẹ̀. Àmọ́ ní àkókò náà, ọmọ kò ní èsì ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́wọ́ tó lè fi wé e. Ọ̀nà mìíràn wà, Early Action, tó máa ń tètè mú èsì wá láìde ọmọ mọ́lẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro nínú ilé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ lọ sí ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní Net Price Calculator. Láti ọdún 2011 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní irú rẹ̀. Ẹ máa kọ iye tó ń wọlé fún yín, iye ọmọ tí ẹ ní àti ohun tí ẹ fi pa mọ́; ó máa bá yín fojú díwọ̀n ohun tó máa kù fún yín láti san lẹ́yìn ìrànwọ́. Èmi àti bàbá ọmọ mi jókòó tì í fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan tí owó rẹ̀ dẹ́rù bà wá lórí ìwé wá jẹ́ èyí tó rọrùn fún wa jù, nígbà tí òmíràn tí a rò pé apá wa ká tayọ agbára wa. A fi ohun tí a rí han ọmọ náà, a sì sọ iye tí a lè san lọ́dọọdún fún un láìfi bò, kó tó yan ibi tó fẹ́ràn jù.

Bákan náà, FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀, kò sí lórí Common App. StudentAid.gov ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ó sábà máa ń ṣí, yàtọ̀ sí ọdún 2023 tí wọ́n ń tún un ṣe, tó fi di ìparí oṣù kejìlá, àti ọdún 2024, tó fi di oṣù kọkànlá kó tó ṣí fún gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ òbí ni èyí: òbí tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì tirẹ̀, kí ó sì gbà kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ owó orí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ IRS, àjọ tó ń gba owó orí; bí kò bá gbà, ọmọ kò ní rí ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security náà lè ṣí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dá ọmọ dúró. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tún máa ń béèrè CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó mìíràn tó jẹ́ ti àjọ College Board, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún.

Ní ti owó ìforúkọsílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ lé, àwọn mìíràn kì í sì í gbà rárá. Common App ṣe dáadáa níbí: ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kò rí já jẹ lè béèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda owó náà, ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan sì tó fún gbogbo ibi tó fẹ́ fi ìwé sí, tí kò gbọ́dọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ 20 lọ. Kí ojú má ti yín láti béèrè rẹ̀.

Kí ìwé tó lọ, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ jáde bí ó ṣe máa rí lójú àwọn tó ń gbani wọlé. Ẹ bá ọmọ kà á níbẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tó bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan, kò sí àtúnṣe mọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Èsì kì í gba ibẹ̀ wá. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan á fi ojú òpó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti sọ bí ìwé kan bá kù.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀. MIT ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, Yunifásítì Califọ́níà náà sì ní tirẹ̀ fún gbogbo ọgbà rẹ̀ mẹ́sàn-án tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́.

Bí ọmọ yín bá wà ní kíláàsì kọkànlá, kò sí ìdí láti dúró di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ tí fọ́ọ̀mù tuntun máa ń jáde. Ohun tó bá kọ ṣáájú ìgbà náà nípa ara rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kì í sọnù. Ìbéèrè tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti pípe àwọn olùkọ́ ni kí ó fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọjọ́ náà, torí pé àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n máa ń nù kúrò lọ́dọọdún.