Ọpọ́n ayò tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ilé-ẹ̀kọ́ orí ẹní wa

Ọpọ́n ayò méjì ni mo rà láàárín ọdún kan. Owó ti àkọ́kọ́ wọgbó. Èyí ekejì ni mo fẹ́ ròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ kò ní mọ ìdí tí mo fi ń yin ekejì tó báyìí.

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ là ń gbé. Aránṣọ ni mí, ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ilé sì ni àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń kàwé. Àjọkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Àlàní mẹ́fà, Àṣàkẹ́ mẹ́ta. Oríkì wọn ni mo kọ yẹn o. Orúkọ tí a sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ẹ sì mọ irú ìlú tí a wà. Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí ní 1909, tí Tai Solarin dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, ibẹ̀ gan-an lèmi jókòó sí tí mo ní ọmọ mi kò lọ síléèwé. Ìyá aláta tó wà ní òdìkejì títì máa ń pè mí ní ọ̀tá Awólọ́wọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni Bàbá gbé kalẹ̀ ní 1955. Tiwa náà, ọ̀fẹ́ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún pe Àlàní sápá kan, wọ́n bi í pé kí ló kà lánàá.

Orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni kíláàsì wa. Bí a bá ti jẹun àárọ̀ tán, tí mo ti gbá òwú àná kúrò nílẹ̀, Àjọkẹ́ á mú ìwé rẹ̀, Àlàní á mú síléètì, Àṣàkẹ́ á kó àjákù aṣọ jọ bí ẹni fẹ́ tajà. A máa ń bá a lọ títí oníbàárà àkọ́kọ́ á fi kanlẹ̀kùn. Ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ìṣirò ni wàhálà. Àjọkẹ́ lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láìmí, bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kó bá yín ka bọ́tìnnì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá, yóò kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ̀bi mi ni. Twẹ́ńtì-fáìfù ni èmi náà ń pè sí i létí láti kékeré.

Ọkọ mi ló ní ká wá ayò. Ó ní bí bàbá òun ṣe kọ́ òun ní kíkà nìyẹn, lábẹ́ igi máńgòrò.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé àti ẹ̀bùn ìgbéyàwó. N kò ní dárúkọ wọn. Ọpọ́n náà wà nínú páálí, fáníìṣì rẹ̀ ń dán, ó ní ìdè láàárín tí a fi ń pa á dé bí ìwé. ₦9,500. Mo yọ̀. A délé, a ṣí i. Ihò rẹ̀ kò jìn ju ṣíbí lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ihò ayò gba ọmọ ayò mẹ́wàá, kó gba méjìlá nígbà mìíràn. Bí ihò kan bá ti ní mẹ́jọ, ìkẹsàn-án á yí jáde, ó di abẹ́ àga. Ìdè irin àárín náà yọrí ju ojú pákó lọ, ó ti gé Àlàní lọ́mọ ìka kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a ka ọmọ ayò inú rẹ̀, márùndínláàádọ́ta ló jẹ́. Ihò méjìlá, mẹ́rin mẹ́rin: méjìdínláàádọ́ta ni ọpọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì ti fi mẹ́ta jìn yín, ayò kò ṣe é ta. Mo gbé e padà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó nàka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Nígbà tí mo rí èérún fáníìṣì létè Àṣàkẹ́ ni mo jù ú sókè àjà. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ní láti ra láínìn àti sípù ní Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde. Mo mú Àjọkẹ́ dání, nítorí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìṣirò ni nílé wa. Òun ló ń gba ṣéńjì. A wọ ọkọ̀ dé Ṣágámù, a wọ òmíràn tó gba ọ̀nà Bìnì. Nígbà tí a rajà tán, mo bi ìyá onísípù bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò. Wọ́n ní, "Bàbá kan wà níwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa ní sùúrù o. Wọn kì í kánjú."

A bá Bàbá lórí àpótí, èérún igi bo ẹsẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò wò mí, Àjọkẹ́ ni wọ́n ń wò. "Ìwọ lo fẹ́ ta á, àbí ìyá ẹ?" Àjọkẹ́ ní òun ni. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ta?" Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fa ọpọ́n tiwọn síwájú, wọ́n ta ọwọ́ kan fún un kí wọ́n tó dárúkọ owó fún èmi. ₦20,000 ni wọ́n pè é. Mo ní ₦10,000. Wọ́n ní owó ihò mẹ́fà nìyẹn, ṣé kí àwọn fi ayùn là á sí méjì fún mi? A parí rẹ̀ sí ₦15,000, mo san ìdajì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Mo pààrà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì lórí ọpọ́n kan ṣoṣo, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo rí i, inú mi rọ̀. Ìrókò ni, àjẹkù pákó láti sọ́mìlì, ẹyọ kan gbọọrọ láìní ìdè, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Àlàní kò lè dá gbé e. Ihò rẹ̀ jìn, ìsàlẹ̀ wọn rí roboto bí inú igbá, ọwọ́ ọmọdé lè kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò gígùn kọ̀ọ̀kan wà lórí àti nídìí fún ayò tí a bá jẹ. Bàbá kò kùn ún ní ohunkóhun. Wọ́n ní kí n máa fi àdín pa á. Wọ́n wá ka ọmọ ayò sínú lailọ́ọ̀nù lójú mi, mẹ́rin mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mejìlá, wọ́n tún sọ méjì sí i. "Àwọn ọmọ á sọ méjì nù."

Méjì yẹn ló ṣe iṣẹ́ tí n kò rí ìwé kankan ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ, a tan àtùpà sólà, Àjọkẹ́ da ọmọ ayò sórí ẹní, ó kà á: àádọ́ta. Mo ní, "Yọ méjì tí Bàbá fi ta wá lọ́rẹ." Ó yọ ọ́. "Mélòó ló kù?" Ó ní, "Fọ́tì-éètì." "Ní Yorùbá ńkọ́?" Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún mi. Ó ní, "Mo mú méjì dín ní àádọ́ta." Mo ní, "Sọ ọ́ kíákíá." Méjì dín ní àádọ́ta. Méjìdínláàádọ́ta. Ó dákẹ́, ó wo àwọn méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ti ń tàn jẹ látọjọ́ yìí. Èmi fúnra mi ti ń pe ọ̀rọ̀ náà láti bí ọdún márùndínlógójì, n kò gbọ́ ọ rí.

Láti ìgbà náà la ti ń ka ayò tí a bá jẹ sókè. Òfin rẹ̀ kò le. O kó ihò kan lápá tìrẹ, o ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀ lé e. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sápá ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tí ihò náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ẹni méjèèjì bá jẹ mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún, ọ̀mì ni. Ẹni tó bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló pa ayò. Ẹ wá wò ó. Ní mẹ́rìnlélógún, à ń fi mẹ́rin lé ogún. Bí ẹyọ kan péré bá lé e, a ti kẹ̀yìn sí ogún, ọgbọ̀n là ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, a sì ń mú márùn-ún dín lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní márùndínlọ́gbọ̀n. Ibi tí ayò ti yí sọ́wọ́ ẹni tó borí ni orúkọ òǹkà náà ti yí. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ló pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi kọ́ ọmọ, n kò sì ní dá a padà.

Ọ̀nà ojú ni Àlàní ń gbà ka tiẹ̀. Á wo ihò tó ní márùn-ún, á ti mọ ibi tí ìkarùn-ún máa bọ́ sí kó tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kì í jókòó ti ìwé ìṣirò fún ìṣẹ́jú márùn-ún jókòó ti ọpọ́n fún wákàtí kan. Ó ń ṣe màgòmágó o. Bí ayò rẹ̀ bá fẹ́ ku ẹyọ kan kó tó débi tó ń lọ, á fo ihò kan bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Mo ti ń bá a wí tẹ́lẹ̀, kí n tó rí i pé Àjọkẹ́ gbọ́dọ̀ ka ihò lọ ka ihò bọ̀ kó tó lè mú un.

Ọkọ mi, tí kì í jẹ́ kọ́rọ̀ kọjá láìfi ìtàn kún un, ní ká rántí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1970, ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì mọ́ ọn. Mo ní kó lọ bá Àlàní ta ayò.

Ọpọ́n náà ní àléébù. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ lù ú, igi sán lórí kan, ìlà tó gùn tó ìka mi. Lóòótọ́, n kò tíì fi àdín pa á nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Láti ìgbà tí mo ti ń pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà náà kò gùn sí i. Àmọ́ ẹ mọ òórùn àdín. Oníbàárà kan tó wá díwọ̀n aṣọ ìyàwó fa imú, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìgbà wo lẹ bí?" Mo ní ọpọ́n ni mo bí.

Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ko, ko, ko, láti àárọ̀. Ẹni tí orí máa ń fọ́ kó má rà á.

Ọmọ ayò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ó le bí òkúta, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ó sì kéré tó láti há ọmọ lọ́fun. Mo gbójú sókè lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àṣàkẹ́ yọ jáde lápá méjèèjì. Mo ní kó ya ẹnu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kó sí i. Láti ọjọ́ náà, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni lailọ́ọ̀nù ayò ń sùn, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì ń ta á, kíréètì ẹyin tó ní ihò ọgbọ̀n àti ìdérí ìgò omi ni tiẹ̀. Ó ń ta tirẹ̀, ó ń jẹ ara rẹ̀, ó ń pariwo pé òun ti borí. Àlàní ní tirẹ̀ rí i pé bí a bá fi ọmọ ayò họ sílẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ń gbóná. Ọrùn Àjọkẹ́ ló fi dán an wò. Wọ́n tún ti dà á sínú garawa omi, ọ̀pọ̀ jù lọ léfòó, èyí sì fa ìbéèrè tó gba gbogbo ọ̀sán wa, aṣọ oníbàárà kan kò parí lọ́jọ́ náà.

Ìyá aláta wá lálẹ́ ọjọ́ kan láti wá fojú ara wọn rí ohun tí a ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n na Àjọkẹ́, wọ́n na èmi, wọ́n na ọkọ mi. Wọ́n ní ọkùnrin ló ń ta á nílé àwọn nígbà náà, àwọn kàn ń dúró lẹ́yìn wò ni. Wọn ò tíì dẹ́kun pípè mí ní ọ̀tá Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń kó ayò mi lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ki ọwọ́ bọ ihò rẹ̀ wò, ẹ má gba oní-ìdè, ẹ ka ọmọ ayò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tọrọ ènì. Ọ̀kan nínú tiwa wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, Àjọkẹ́ gbìn ín, kò tíì hù. Ọ̀kan wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí a kò lè sún. Ọ̀kan, Àṣàkẹ́ nìkan ló mọ ibi tó wà. Mẹ́tadínláàádọ́ta ló kù, ẹ̀kùrọ́ kan la fi dí i, Àlàní sì ti ní ẹni tó bá jẹ ẹ̀kùrọ́, kò kà.