Épúrọ́nù olójé àti èyí tí kò ní òjé: ìfiwéra fún àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Òkun

Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ra ohun ìdáàbòbò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ya àwòrán X-ray, ìbáà jẹ́ ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ní láti mọ ibi tí òṣìṣẹ́ náà máa ń dúró sí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí ó tó béèrè iye owó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ògiri tí a fi òjé tẹ́ nínú ni, épúrọ́nù, ìyẹn aṣọ tí a ń wọ̀ láti dá ìtànṣán dúró, kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a náwó sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ti ẹ̀rọ alágbèéká lọ bá aláìsàn nínú wọ́ọ̀dù, tàbí tí oníṣẹ́ abẹ ń fi ẹ̀rọ wo egungun bí ó ti ń tò ó nínú tíátà, épúrọ́nù di kòṣeémánìí, nítorí ìtànṣán tó ń ta kúrò lára aláìsàn ni ó ń kan àwọn tó dúró tì í.

Bí òjé tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà ṣe nípọn tó ni a fi ń díwọ̀n épúrọ́nù. Èyí tó jẹ́ mílímítà 0.25 ń dá nǹkan bíi 90 dúró nínú 100 ìtànṣán tó ta lára aláìsàn. Èyí tó jẹ́ 0.5 ń dá ju 95 lọ dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yìí ń dín kù bí agbára ìtànṣán bá ṣe ń pọ̀ sí i. Fún ẹ̀rọ alágbèéká tí okùn bọ́tìnnì rẹ̀ gùn tó mítà 2, 0.25 tó, nítorí ẹni tó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí aláìsàn, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń kàn án tẹ́lẹ̀ ni yóò kàn án. Fún tíátà, 0.5 ni kí ẹ rà fún iwájú ara.

Olójé kì í wọ́n tó èkejì, iṣẹ́ rẹ̀ sì dájú. Àmọ́ èyí tó gùn dé orúnkún lè wúwo tó kílò 5 sí 7, òjé inú rẹ̀ máa ń sán bí a bá ká a, a kò sì gbọ́dọ̀ jù ú sí ààtàn bí ó bá gbó, nítorí májèlé ni òjé. Èyí tí kò ní òjé, tí a fi èròjà mìíràn bí antimony, bismuth tàbí tungsten ṣe, fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu tirẹ̀ ni pé 0.5 tí a kọ sí i lára lè máà jẹ́ òótọ́ ní gbogbo kV (agbára iná tí a ń yí ẹ̀rọ X-ray sí) tí ẹ ń lò. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó bá ìlànà IEC 61331-1 ti ọdún 2014 mu (IEC ni àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò iná mànàmáná), kí ẹ sì fi kV tó wà nínú rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ yín. Ọlọ́jà tí kò bá ní ìwé yìí, ẹ má ra tirẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ tó.

Nínú ooru ilẹ̀ wa, nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì kú, òṣìṣẹ́ tó ti wọ kílò 7 fún wákàtí méjì yóò fẹ́ bọ́ ọ, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Nítorí náà, fún tíátà, èmi yóò yan aláìlójé alápá méjì, ẹ̀wù àti yẹ̀rì, tó yí ara ká: ìbàdí ń bá èjìká gbé ẹrù, ẹ̀yìn kò sì ṣófo bí ẹni náà bá yíjú. Fún yàrá X-ray tí a ti ń wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, olójé ni kí ẹ rà.

Ìbòrùn tó ń dáàbò bo ẹṣẹ́ táírọ́ìdì yẹ kí ó bá épúrọ́nù kọ̀ọ̀kan rìn. Awò ojú olójé ṣe pàtàkì fún oníṣẹ́ abẹ, nítorí láti ọdún 2011 ni ICRP, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán, ti dín òdiwọ̀n ìtànṣán tí ojú òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá kù láti 150 sí 20 mSv lọ́dún (mSv ni a fi ń wọn ìtànṣán tó kan ara).

Báàjì TLD, èyí tó ń ka iye ìtànṣán tó kan òṣìṣẹ́, kì í dá ìtànṣán dúró, síbẹ̀ ẹ má yọ owó rẹ̀ kúrò. Òun ni yóò sọ bí òṣìṣẹ́ ṣe súnmọ́ òdiwọ̀n ti gbogbo ara, 20 mSv lọ́dún, tí a ń pín dọ́gba lórí ọdún 5, tí kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú ọdún kan ṣoṣo. Ẹnì kan, báàjì kan. Abẹ́ épúrọ́nù ni kí ó wà, bí èkejì bá sì wà, kí ó wà lẹ́bàá ọrùn, lóde.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé pé ẹrù ti dé, ẹ tẹ́ épúrọ́nù kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì kí ẹ ya àwòrán X-ray rẹ̀, nítorí wọ́n lè ti ká a sínú àpò lójú ọ̀nà. Èyí tó bá sán, ẹ dá a padà. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sára àwọn tó kù, kí ẹ tún wọn yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì ra ìkọ́ tí ẹ ó máa fi àwọn épúrọ́nù náà kọ́ pẹ̀lú wọn.