Kí ẹ tó gba olùtọ́jú ìdẹ̀rùn sílé: ohun tí ẹbí wa rí

Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń wá ṣe nínú ilé fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Jẹjẹrẹ ló ń bá bàbá wa fínra, ikọ̀ olùtọ́jú kan ló sì dúró tì wá títí bàbá fi jáde láyé. Ìtọ́jú tí bàbá fúnra wọn rí gbà dára. Ohun tí ikọ̀ náà ṣe fún àwa tí a yí ibùsùn ká ni mo fẹ́ wọ̀n. Cicely Saunders, tó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ni pé ìrora irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan, pé ti ọkàn, ti ẹ̀mí àti ti àárín ẹbí wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ka ẹbí mọ́ àwọn tí ìtọ́jú yìí gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́, nígbà àìsàn àti nígbà ọ̀fọ̀.

Mọfíìnì, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa ìrora, ló kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní mọfíìnì, wọ́n ti gba kámú lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò bá wọn jiyàn. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, pé bí ìrora bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń fi kún un, àti pé bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, kì í mú ikú yá. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni a ní láti máa fún bàbá ní olómi rẹ̀, kí ìrora má baà ráyè padà dé. Ìwọ̀n mìíràn wà lọ́tọ̀ fún ìgbà tí ó bá ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Oorun tí oògùn náà ń fà máa ń dínkù, àmọ́ àìrígbẹ́ yà kì í sábà lọ, nítorí náà wọ́n fi oògùn tó ń mú inú rọ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà sínú ìwé kékeré kan: aago, ìwọ̀n oògùn, bí ìrora ṣe tó láti 0 dé 10, àti ẹni tó fún bàbá lóògùn. Ìwé yẹn ló parí ìjà “ṣé ẹ ti fún wọn?” nílé wa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló le jù fún màmá wa, tí ṣíbí kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, kì í ṣe àìjẹun ló ń mú wọn lọ, lílọ tí wọ́n ń lọ ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wù wọ́n mọ́.” Ó sì fi iṣẹ́ mìíràn lé wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni fífi kànìnkànìn rírọ̀ tó tutù nu ẹnu bàbá, kí ètè má baà là. Mo ka ìyẹn sí ọgbọ́n ńlá, nítorí ẹni tí wọ́n bá kàn ní kó ṣíwọ́, yóò tún gbé ṣíbí bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn.

Wọ́n tún sọ fún wa ṣáájú pé èémí lè máa dúró díẹ̀ kó tó padà, pé ọ̀nà ọ̀fun lè máa dún hà-hà, àti pé ariwo yẹn sábà máa ń dẹ́rù ba olùgbọ́ ju aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lóru, a yí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa; kò sí ẹni tó sáré wá ọkọ̀.

Àléébù wà o. Bí a bá pe nọ́ńbà òru, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pe ẹni padà, ẹni tó bá sì gbé e kì í mọ ìtàn aláìsàn. Wọn kò bá àwọn ọmọ kéékèèké sọ̀rọ̀ rárá, bí ẹni pé wọn kò sí nínú ilé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìpè kan ṣoṣo ni a rí gbà, nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ màmá lára.

Mo fọwọ́ sí iṣẹ́ náà fún ilé tí ó ní ó kéré tán ènìyàn méjì tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá dá wà pẹ̀lú aláìsàn ní láti wá ẹni tí yóò máa bá a ṣọ́ òru. Kí ẹ tó bọwọ́ lùwé, ẹ béèrè ta ni yóò gbé fóònù ní aago méjì òru, àti ọ̀dọ̀ ta ni mọfíìnì yóò ti wá bó bá tán lọ́jọ́ ìsinmi.