Kárì nínú básíkẹ́ẹ̀tì: ṣé kí rẹfirí fọn fèrè sí i kíákíá ni, àbí kó dúró wò ó ná?

Ìbéèrè yìí kì í tán. Kárì ni pé kí ẹni tó ń díríbù, ìyẹn tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, fọwọ́ gbé e tàbí dá a dúró, kó sì tún máa díríbù lọ. FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ní tí bọ́ọ̀lù bá ti sinmi sí ẹ lọ́wọ́, díríbù ẹ ti parí, tó o bá tún bẹ̀rẹ̀, o ti ṣẹ̀. NBA, líìgì Amẹ́ríkà, ní ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ bọ́ọ̀lù kó gbé e láti ibì kan dé ibòmíì, tàbí kó dá a dúró kó tún máa díríbù lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú rẹfirí ló máa sọ bóyá bọ́ọ̀lù sinmi lóòótọ́.

Fífọn kíákíá rọrùn láti ṣàlàyé fún kóòṣì, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé tètè kọ́ bó ṣe yẹ, àmọ́ ó lè fìyà jẹ aláìṣẹ̀ o, torí ẹni tó díríbù ga dé èjìká ò tíì ṣẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ò bá dúró sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ṣèèṣì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Dídúró wò ní tiẹ̀ ń jẹ́ kí eré ṣàn. Ewu ẹ̀ ni pé tó o bá gbójú fo ti kọ́tà àkọ́kọ́ (ìdá kan nínú mẹ́rin eré), tó o wá fọn irú ẹ̀ gan-an ní kọ́tà kẹrin, ta ló fẹ́ gbà fún ẹ? NBA náà le mọ́ kárì nígbà tí sáà 2022-23 bẹ̀rẹ̀, ariwo sì pọ̀.

Ìdíje àwọn ọmọ kékeré, fífọn kíákíá ni mo fara mọ́. Àwọn àgbà tí rẹfirí mẹ́ta ń bójú tó, dídúró wò dáa fún wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń fọn ọ́n, dúró wò náà ni kó o mú, torí láti ẹ̀yìn, o ò lè mọ ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí èyí tó wọ abẹ́ ẹ̀.