Shelly EM nínú yàrá server wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: ó jẹ́ kí n mọ ẹni tó ń jẹ iná

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ fún àwọn yòókù, tí kì í kú tọ̀sán-tòru, tí yúnìtì inú mítà yín sì ń tán kí oṣù tó dé ìdajì, ẹ fetí sí mi. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Shelly EM ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Bulgaria ló ń ṣe é, kò sì tóbi tó páálí ìṣáná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka iná tó ń gba inú wáyà kọjá, kí ó sì máa ròyìn rẹ̀ lórí Wi-Fi. Mo ti lò ó dáadáa, mo mọ dídára rẹ̀, mo sì mọ àìda rẹ̀.

Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Server méjì la ní. Ọ̀kan ṣì lágbára, òun ló gbé ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Èkejì ti dàgbà, HP ProLiant tòkunbọ̀ ni, ẹ̀dà fáìlì ló ń tọ́jú. Inú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ọ́fíìsì akápò ni àwọn méjèèjì wà, pẹ̀lú UPS kan (bátìrì tó ń gbé wọn ró bí iná bá lọ) àti AC 1 HP kan.

Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú. A lè náwó lọ́jọ́ Ojúde Ọba kí ojú gbogbo ayé wà lára wa, ṣùgbọ́n bí náírà kan péré bá dín nínú ìwé ẹgbẹ́, a ò ní sùn. Gbogbo ìgbà tí Alhaji akápò bá fọwọ́ sí owó iná, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: “Ìyá Kọ̀ǹpútà, kí làwọn ẹ̀rọ yín ń jẹ lóru tí gbogbo wa ti lọ sílé?” Ìbéèrè gidi ni. Mítà ara ògiri kò lè dáhùn rẹ̀, torí àpapọ̀ nìkan ló ń kà: fáànù, fìtílà, kẹ́tùlù àwọn olùgbàwé, gbogbo rẹ̀ ló dà pọ̀.

Púlọ́ọ̀gì tó ń ka iná, irú Tapo P110 ti TP-Link, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ronú kàn. Ó dáa fún fíríìjì, ó dáa fún tẹlifíṣọ̀n. Ní tèmi, n ò ní fi sẹ́nu server láéláé. Inú púlọ́ọ̀gì yẹn ni iná yóò ti kọjá, bọ́tìnì sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó wá gbálẹ̀ láàárọ̀ lè fi ìgbálẹ̀ kàn án, kí ìwé owó ẹgbẹ́ ṣókùnkùn. Shelly EM kì í jókòó sójú ọ̀nà iná. Òrùka méjì ló ní, òrùka tó ṣeé ṣí tó ṣeé pa dé, tí wọ́n ń fi há wáyà láti ìta. Agbára òòfà tó máa ń yí wáyà ká nígbà tí iná bá ń kọjá ni òrùka yìí fi ń mọ iye rẹ̀. Bí Shelly bá kú lónìí, server ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Tiwa jẹ́ olórùka 50 amp. Wọ́n ń ta èyí tó gbé 120 amp náà, ṣùgbọ́n yàrá kékeré bíi tiwa ò nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ wáyà live àti neutral tirẹ̀ láti inú DB (àpótí bréékà), nítorí náà ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kí ó sì pa bréékà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ dúró tì í. Wáyà live nìkan ni kí òrùka há. Bí ó bá há live àti neutral pọ̀, iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́, òdo ni ẹ̀rọ yóò máa kà, ẹ ó sì máa rò pé ó ti bàjẹ́. Àmì kan tún wà lára òrùka tó ń sọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Tí ó bá kọjú sódì, nọ́ńbà yóò jáde pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Oníṣẹ́ iná tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, rí −296 lójú fóònù mi, ó bú sẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wá ń fún NẸ́PÀ níná báyìí o.” Ó ṣí òrùka, ó yí i padà, ọ̀rọ̀ parí. Òrùka kìíní wà lórí wáyà tó ń lọ sí UPS, èkejì wà lórí wáyà AC.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kò sọ pé dandan ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Èmi ò lò ó. Inú ọ́fíìsì níbẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà IP rẹ̀ sínú bíráwúsà, mo fi /emeter/0 sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kó watt, fólítì àti àpapọ̀ iná tó ti kà jáde. /emeter/1 ni ti òrùka kejì. Ẹ kíyè sí i pé watt-hour ni àpapọ̀ yẹn, kì í ṣe kilowatt-hour, ẹ gbọ́dọ̀ fi 1,000 pín in kó tó bá yúnìtì mítà dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn o, irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọn tuntun ti yí àdírẹ́sì padà sí /rpc/EM1.GetStatus?id=0. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kan máa bi í léèrè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí ó kó ìdáhùn sínú Prometheus tó ń tọ́jú nọ́ńbà, kí Grafana tó ń ya àwòrán sì máa fi ìlà yà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lè lo Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó ẹ̀rọ ilé jọ sójú kan, ó mọ Shelly dáadáa.

Ìgbà Iléyá ni àṣírí tú. A ti ọ́fíìsì pa, a ò sì ṣí i títí Ojúde Ọba fi kọjá. Kò sẹ́ni tó débi kọ̀ǹpútà kankan. Nígbà tí a wọlé padà tí mo ṣí Grafana, ìlà àwọn server nà gbọnrangandan lórí nǹkan bíi 300 watt: lọ́jọ́ tí a ń pa àgbò, lọ́jọ́ kejì tí a ń jẹ ẹran tó kù, lọ́jọ́ kẹta tí àwọn ọmọ Balógun ń fi ẹṣin dárà. Ọjọ́ iṣẹ́ tí èrò kún ọ́fíìsì jù, tí wọ́n ń pín owó ẹ̀yáwó, ìlà yẹn ò ju 340 lọ. Ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ la ń san owó oúnjẹ òṣìṣẹ́ méjì, kì báà jẹ́ ọjọ́ tí wọn ò gbé igi kan. Ìwà server ni, àgàgà èyí tó ti pẹ́: bó bá jókòó lásán, iná tó ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ìgbà iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 300 watt fún wákàtí 24 jẹ́ yúnìtì 7.2 lóòjọ́, 216 nínú ọgbọ̀n ọjọ́. Band A la wà, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù. Ní April 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣètò owó iná, gbé yúnìtì Band A lọ sí ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 nínú May, nígbà tó di July ó tún gùn dé ₦209.50, iye yìí ni mo fi ń ṣírò. ₦45,252 lóṣù nìyẹn, bí ẹni pé NẸ́PÀ kì í lọ rárá. Ẹ má tíì dá díísù jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Shelly ò lè sọ èyí tó ń jẹ jù nínú server méjì tó wà lórí wáyà kan ṣoṣo. Àwọn server fúnra wọn ni mo bi. Lórí server HP, ẹ ó rí i nínú iLO, ojú ewé tí server fi ń ròyìn ara rẹ̀. Lórí Dell, iDRAC ni. Ẹni tó ń lo Linux lè tẹ ipmitool dcmi power reading. Àgbàlagbà yẹn ní òun ń jẹ 140, èkejì ní 115. Ó ku nǹkan bíi 45, UPS àti switch nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pín ìyẹn jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí òrùka wà ṣáájú UPS: UPS náà ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń san án.

Àmọ́ ìlà AC ló mú mi lanu. 18°C ni wọ́n ti fi í sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri, torí gbogbo ènìyàn gbà pé inú òtútù ni kọ̀ǹpútà ń gbé. Tí kọ́ńpírésọ̀ bá wọlé, á sáré lọ sí 850. Tí a bá pín in káàkiri ọ̀sán àti òru, 520 watt ni. AC ń jẹ ju àwọn tó ní òun ń tù lára! Òṣùwọ̀n kan wà tí ẹgbẹ́ The Green Grid gbé jáde ní 2007, PUE ni wọ́n ń pè é: ẹ fi iná tí kọ̀ǹpútà nìkan jẹ pín gbogbo iná tí yàrá náà jẹ. Ti Google ń rìn ní agbègbè 1.1. Ti yàrá wa, 820 tí a fi 255 pín, jẹ́ 3.2. Mo sọ fún Alhaji, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́ nọ́ńbà yẹn kí n tó ní ohun tí mo máa ṣe sí i.

Ó tiẹ̀ rọrùn. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, gbà pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ojú server wà láàárín 18 sí 27. Mo gbé AC lọ sí 25, mo ń wo ooru lórí iLO, kò sí server tó ráhùn. Ìlà AC bọ́ sí nǹkan bíi 300. Mo wá fi Proxmox, ètò tó ń jẹ́ kí server kan ṣe iṣẹ́ méjì, sórí server tó lágbára, mo kó iṣẹ́ àgbàlagbà yẹn sínú rẹ̀, mo sì pa òun fúnra rẹ̀. Ìlà server di 170. Bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ ìlà méjèèjì, 820, ṣe di 470: yúnìtì 252 ló dín lóṣù, ₦52,794, ká má tíì ka díísù. Alhaji gbé ìwé náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún.

Ó ní àléébù o. Aago rẹ̀ ò ní bátìrì, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń béèrè aago. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tó tún dé, tí ráútà ò tíì jí, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ á sì daríkodò. Mo fi ráútà sórí UPS, mo sì ní kí server wa máa sọ aago fún un. 2.4 GHz nìkan ni Wi-Fi rẹ̀, bí DB yín bá jẹ́ onírin, Wi-Fi yóò máa já. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a, Shelly Pro EM-50 ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ǹ bá ti ra ìyẹn bí mo bá rí i ní Ìkẹjà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, n ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà ọ̀kankan nínú wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò mọ iná NẸ́PÀ yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀. Lójú rẹ̀, watt ni watt, bẹ́ẹ̀ owó wọn jìnnà síra. Ọmọ OOU tó wá ṣe SIWES lọ́dọ̀ wa ló bá mi yanjú ìyẹn. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú PZEM.” PZEM-004T tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ló ní lọ́kàn. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Shelly, ó ń ka 100 amp, ó sì ń ka ohun tí Shelly EM tiwa kì í kà: frequency, iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná NẸ́PÀ kì í jìnnà sí 50 Hz. Jẹnẹrétọ̀ wa máa ń sá lọ sí 51, 52 tí ẹrù ò bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ náà jó o mọ́ ESP8266, kọ̀ǹpútà kékeré oní-Wi-Fi, ó kó o sínú ike kan, nígbàkúgbà tó bá ti lé ní 51 a mọ̀ pé díísù là ń jó. Àmọ́ ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà mọ́ra, iná gidi sì wà lójú páálí rẹ̀ níhòòhò. Ẹ má fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láìsí ẹni tó dúró tì í.

Ní tèmi, Shelly EM gba mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀ka wa ní Ṣàgámù ti ní àwọn náà fẹ́ tiwọn. Iná onífésì mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, EM olórùka méjì ò sì lè kà á tán. Shelly 3EM, tó ní òrùka mẹ́ta, ni mo kọ sínú ìwé ìbéèrè wọn.