Ẹlẹ́wọ̀n tó kọ oúnjẹ láti fi jà: kí wọ́n rọ ọ́ lóúnjẹ tipátipá, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Ní Òmù-Àrán wa, ìyá á gbé ọmọ lé itan, á rọ ọ́ lágbo. Ọmọ ò tíì mọ ohun tó ń kọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú tó ń febi jà mọ̀ ọ́n.

Láàárín 1973 sí 1974, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ki rọ́bà oúnjẹ bọ ọ̀fun Dolours àti Marian Price fún ọ̀pọ̀ oṣù, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ẹlẹ́wọ̀n IRA, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní Ireland. Wọ́n yè; ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ pé ẹ̀mí ló ṣáájú.

Ní 1981, wọn ò rọ ẹnikẹ́ni: Bobby Sands, ẹlẹ́wọ̀n IRA mìíràn, kú lẹ́yìn ọjọ́ 66 láìjẹun, ẹlẹ́wọ̀n mẹ́sàn-án mìíràn sì kú tẹ̀ lé e. Ó dùn mí gan-an. Síbẹ̀, dókítà tó ń ki rọ́bà ti di wọ́dà. Kíkọ oúnjẹ nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.